Bí Bàbá Òtútù Ṣe Yí Gáàsì Mọ́tò Rẹ̀ Padà

Iṣẹ́ éésì mọ́tò ni Bàbá Òtútù ń ṣe. Kí inú mọ́tò tutù, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, lábẹ́ páànù kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan tí ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá, ó sì máa ń kùn. Bí sípánà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á kùn. Bí kò bá bọ́, á kùn pé ó fẹ́ bọ́. Àwọn èèyàn kì í bínú sí i. Mọ́tò tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á wá aṣọ òtútù kiri.

Mọ́tò tirẹ̀ nìkan ni kò tutù.

Mọ́tò ọ̀hún ti dàgbà. Ó dàgbà ju àwọn ìbejì Bàbá Òtútù lọ, àwọn ìbejì sì ti wà nílé ọkọ. Ó rí bí àpótí, ilẹ̀kùn rẹ̀ wúwo, iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti fọ́. Gáàsì àtijọ́ ni wọ́n fi sínú éésì rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, gáàsì yẹn sì ti kúrò lórí igbá. Wọn ò ṣe é mọ́. Wọ́n ní ó ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Bàbá Òtútù ní òun ò mọ ohun tó kan ojú ọ̀run nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò òun. Nígbà tó kù díẹ̀ kí gáàsì náà tán nílẹ̀, ó ra agolo mẹ́ta pamọ́, ó ń fún mọ́tò náà mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Agolo kẹta tán lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀nà kan wà. Èèyàn lè yí mọ́tò àtijọ́ sí gáàsì tuntun. Àwọn oníbàárà ti wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn ṣe é. Ohun kan náà ló máa ń wí fún wọn: "Ẹ lọ ra mọ́tò míì." Iṣẹ́ àbùlẹ̀ ló pè é. Kò ṣe é rí.

Ì bá máa wí bẹ́ẹ̀ títí, bí kì í bá ṣe ti ìyàwó rẹ̀.

Àìsàn iṣan ló ń ṣe Ìyá Ìbejì. Bí ooru bá mú un, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ iṣẹ́. Kì í dùn ún. Ó kàn máa ń dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fún un lóògùn wà ní ìlú míì, ìrìn wákàtí mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ kan lóṣooṣù. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n dé ibi afárá tí wọ́n ń tún ṣe, mọ́tò tò síbẹ̀ lọ súà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi dúró lójú kan, oòrùn lórí wọn, wíńdò ṣí sílẹ̀, ooru ń wọlé bí àlejò tí ò mọ̀ pé ilé ti kún. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn, Ìyá Ìbejì ò lè gbé ẹsẹ̀ kan. Ọkùnrin méjì tí kò mọ̀ rí ló gbé e wọlé, ọ̀kan lápá, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, aṣọ rẹ̀ ká sókè lójú gbogbo èrò. Wọ́n fún un lóògùn. Wọ́n padà sílé.

Bí wọ́n ṣe wọlé, Ìyá Ìbejì ní, "Bàbá Ìbejì, mi ò lọ mọ́."

"O ò lọ síbo?"

"Ilé ìwòsàn. Bí ẹ ò bá lè mú mọ́tò yẹn tutù, ẹ jẹ́ n jókòó sílé mi. Ẹnì kan ò ní gbé mi bí àpò sìmẹ́ńtì mọ́."

"Dókítà ní bí o bá fo oṣù kan, ohun tí ẹsẹ̀ yẹn bá pàdánù, kò ní padà—"

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí. Èmi ni wọ́n gbé. Wọn ò gbé dókítà."

Bàbá Òtútù mọ ìyàwó rẹ̀. Bó bá ń pariwo, ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bó bá sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí, ó ti parí.

Ó gbìyànjú láti yá mọ́tò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yá ni ní mọ́tò tó ní éésì fún odindi ọjọ́ kan lóṣooṣù. Mọ́tò èrò ńkọ́? Ìyẹn ò tiẹ̀ ní wíńdò tó ń ṣí. Bó ṣe ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ọjọ́bọ̀ pé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbọn ara, ó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Páàtì, obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò nísàlẹ̀ òpópónà.

Ó ti kọ ohun tó fẹ́ sórí ìwé, torí kò fẹ́ kí ẹnu òun sọ ọ́. Ìyá Páàtì gba ìwé, ó sì kà á sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́.

"Gáàsì tuntun, agolo mẹ́ta. Epo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti gáàsì tuntun. Òrùka rọ́bà aláwọ̀ ewé, mọ́kànlá. Fílítà onídígí kan. Ẹnu họ́ọ̀sì tuntun méjì." Ó gbójú sókè. "Háà! Bàbá Òtútù! Ta lẹ fẹ́ bá yí i?"

"Oníbàárà kan."

"Oníbàárà yẹn, ṣé mọ́tò ẹ̀ kọ́ ló rí bí àpótí, tí iná ẹ̀yìn ẹ̀ kan fọ́?"

"Ìyá Páàtì, ẹ tà á fún mi."

"Mò ń tà á. Ẹ̀rín tí mò ń rín yìí, ọ̀fẹ́ ni mo fi ṣe." Ó ń kó ọjà sínú ọ̀rá. "Ẹ má jẹ́ kí epo àtijọ́ kù nínú ẹ̀ o. Òun àti gáàsì tuntun kì í jọ rìn."

"Ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Rárá o, bàbá mi. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni mò ń kà."

Ó gba ọ̀rá rẹ̀, ó kùn dé ìta.

Ọjọ́ Ajé yẹn, níwájú ilé rẹ̀, ó tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ìyẹn ni ọkàn éésì, òun ló ń ti gáàsì kiri. Ti mọ́tò yìí ò sì ní ìkejì lọ́jà mọ́. Bó bá kú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó dojú rẹ̀ dé lórí ike, epo àtijọ́ ń ṣàn jáde, ó dúdú, ó ń lọ́ra. Ó fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán dúró dè é. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó tún ń kán. Ó fọ inú páìpù. Nọ́ọ̀tì kan níwájú ti dípẹtà, ó sì lẹ̀ mọ́ra, nígbà tó máa yí, páìpù ló bá a yí. Ó gé e, ó jó o pọ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan gba ọ̀sán títí dìrọ̀lẹ́.

Òrùka rọ́bà mọ́kànlá ló wà nínú éésì náà, níbi tí páìpù ti pàdé páìpù. Gáàsì tuntun a máa yọ́ gba ara rọ́bà àtijọ́ jáde, nítorí náà ó yẹ kí èèyàn pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mẹ́wàá wà níbi tí ọwọ́ lè dé. Ìkọkànlá wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi í sí kí wọ́n tó kan gbogbo nǹkan yòókù lé e lórí. Bàbá Òtútù wo dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyẹn ṣì dáa," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án rí."

Ó pààrọ̀ mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pa gbogbo rẹ̀ dé, ó so pọ́ǹpù mọ́ ọn kó fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ géèjì lọ sílẹ̀ dáadáa. Ó pa pọ́ǹpù, ó lọ fọwọ́. Nígbà tó padà, abẹ́rẹ́ ti gòkè. Ibì kan ń jò. Ó ti afẹ́fẹ́ gbígbẹ wọ inú rẹ̀ láti inú sílíńdà, ó po ọṣẹ, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun oríkèé kọ̀ọ̀kan. Oríkèé kìn-ín-ní, kò hó. Ìkejì, kò hó. Ó kun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò sí èyí tó hó nínú wọn. Ó jókòó sórí táyà. Ó mọ èyí tó kù. Ó ti mọ̀ láti àná.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n bá a nínú mọ́tò, ní iwájú ilé rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ méjèèjì níta. Ó ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó bá ìlẹ̀kẹ̀ kan níbẹ̀, àti ìyarun, àti bébà súìtì tí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun ló jẹ ẹ́. Ó bá òrùka rọ́bà ìkọkànlá náà. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, ó fọ́ sí mẹ́ta bí bísíkíìtì.

Ó fi tuntun sí i. Ó kan dáṣíbọ́ọ̀dù padà. Síkúrù méjì ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó wo mọ́tò, ó kó wọn sápò. Lọ́tẹ̀ yìí, abẹ́rẹ́ géèjì lọ sílẹ̀, kò sì gòkè mọ́. Ọ̀sán ti pọ́n.

"Ìyá Ìbejì! Wá jókòó síwájú níbí. Máa sọ fún mi bó ṣe ń ṣe sí ọ."

Ó jáde wá, ọ̀pá lọ́wọ́, aṣọ tútù lọ́rùn. Ó jókòó, ó na ìka sí ojúhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bàbá Òtútù ṣáná sí mọ́tò, ó lọ síwájú, ó ṣí agolo kìn-ín-ní.

Dígí kékeré kan wà lórí fílítà, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Láyé gáàsì àtijọ́, dígí yẹn ni aláṣẹ. Bí gáàsì bá kéré, wàá máa rí ìfófó tó ń sáré kọjá nínú rẹ̀. Wàá máa fi gáàsì kún un títí ìfófó á fi tán, tí dígí á mọ́ kedere. Ó kún nìyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ Bàbá Òtútù níṣẹ́ ò kọ́ ọ ní ọ̀nà míì. Àwọn mọ́tò tuntun ò ní dígí yìí, géèjì ló fi ń ṣe tiwọn. Nítorí náà, dígí àti gáàsì tuntun ò tíì pàdé lójú rẹ̀ rí. Ó sì tẹ ojú mọ́ dígí bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà èwe.

Ó lo agolo kìn-ín-ní tán. Ó so ìkejì.

"Bàbá Ìbejì! Ó ti tutù!"

"Kò tíì kún!"

"Mo ní ó tutù! Ẹ wá fọwọ́ kàn án!"

"Jẹ́ n ráyè jàre! Ìfófó ṣì wà níbẹ̀!"

Ó ń fi kún un. Ìfófó ò tán, ó kàn funfun díẹ̀ sí i, bí omi ọṣẹ. Agolo kejì tán, ó so ìkẹta. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Abẹ́rẹ́ géèjì fò sókè. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dá iṣẹ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dá a dúró.

"Ó ti gbóná," ohùn wá láti inú mọ́tò.

"Kò lè gbóná!"

"Ó dáa. Kò gbóná. Ajá kan ló ń mí sí mi lójú."

Ó sáré pa á. Ó fa gáàsì jáde padà sínú sílíńdà òfìfo kan, ó wo fáànù, ó wo bẹ́líìtì. Ó fọkàn sí i pé àyè kan ló ti dí. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ ojú mọ́ dígí. Ìyá Ìbejì tún ké pé ó tutù. Ó tún ní kó dákẹ́. Ó tún gbóná. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ké lọ́tẹ̀ yìí bí irin tí wọ́n ń wọ́ lórí kọnkéré.

Bàbá Òtútù pa mọ́tò. Ó gba ìsàlẹ̀ òpópónà lọ bá Ìyá Páàtì, ọwọ́ rẹ̀ kún fún epo.

"Ayédèrú gáàsì lẹ tà fún mi!"

"Èyí tí ẹ ń rà lọ́wọ́ mi fún mọ́tò àwọn oníbàárà yín látọdún yìí ni. Ṣé ayédèrú ni ẹ ti ń fi fún wọn?"

Ó kùn. Ó padà.

Ìyá Ìbejì ṣì jókòó síbi tó fi í sí. Ó ti ki ọ̀pá bọ àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń wò nínú ibẹ̀ yẹn?"

"Ìfófó."

"Kí ló ṣe ìfófó?"

"Bó bá ṣì wà níbẹ̀, gáàsì ò tíì tó."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ọ̀gá mi."

"Ọ̀gá yín tó ti kú kí gáàsì yìí tó dé?"

Bàbá Òtútù mú àkísà, ó ń nu sípánà tí kò dọ̀tí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ké pé ó tutù. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ní kí n dákẹ́. Èmi ni mo jókòó síbí, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ara ẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo ké yẹn, ìfófó wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà."

"Kí lẹ tún wá ń lé nígbà náà?"

Inú bí Bàbá Òtútù. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ò tọ̀nà ni, ì bá jẹ́ kó lọ. Ó dúró ságbedeméjì ọgbà, ó ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àṣé ìfófó ti gáàsì tuntun kì í tán, bó tiẹ̀ kún. Ó wọlé, ó mú téèpù dúdú jáde, ó fi bo dígí yẹn pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo dì í lójú. Bí mo bá ń rí i, màá wò ó."

Ó fa gbogbo rẹ̀ jáde, ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ojú rẹ̀ wà lára géèjì, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀.

"Ó ń fẹ́ ooru," Ìyá Ìbejì ní. Lẹ́yìn ìyẹn: "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́." Lẹ́yìn ìyẹn: "Ó ti ń wọ ìka." Lẹ́yìn ìyẹn: "Ó tutù. Bàbá Ìbejì, ó tutù gan-an."

Ọwọ́ Bàbá Òtútù wà lórí kọ́ọ̀kì. Ọwọ́ náà ń yún un. Díẹ̀ péré.

"Ẹ má fi kún un o!"

"Mi ò fi kún un!"

"Mo mọ ìkùn yín. Ẹ fẹ́ fi kún un!"

Ó ti kọ́ọ̀kì pa. Gáàsì tó wọlé ò tó èyí tí mọ́tò yìí máa ń mu láyé àtijọ́. Ó kù tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó dà bíi kéèyàn dìde nídìí oúnjẹ nígbà tí àwo ò tíì tán. Ó wọlé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ojúhò. Ó tutù lóòótọ́. Ó kùn síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, wọ́n jáde láàárọ̀. Fún wákàtí kan, ohun gbogbo lọ bó ṣe yẹ. Ìyá Ìbejì tiẹ̀ fa aṣọ borí èjìká. Wọ́n wá dé oríta ńlá kan, mọ́tò tò, wọ́n dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di ti àná.

"Bàbá Ìbejì."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Rédíétọ̀ tó ń tu ooru gáàsì níwájú mọ́tò, ti gáàsì àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ó kéré fún tuntun. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á ràn án lọ́wọ́. Bó bá dúró, kò sí olùrànlọ́wọ́. Iwájú ọgbà ilé ló ti dán an wò, ìrọ̀lẹ́ sì ti lẹ́ nígbà náà, atẹ́gùn ń fẹ́. Wọn ò sì tíì dé ibi afárá. Afárá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń tún un ṣe.

Nígbà tí mọ́tò tún rìn, ó yà sọ́wọ́ òsì.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta."

"Ọ̀nà yẹn jìnnà!"

"Kò sẹ́ni tó ń dúró níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ọ̀nà eruku ni, ihò lórí ihò, àwọn mọ́tò akẹ́rù akókùúta nìkan ló ń gbà á. Wákàtí kan ló fi gùn ju ọ̀nà ńlá lọ. Aago méjìlá sì ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn náà. Bàbá Òtútù tẹ iná mọ́tò. Mọ́tò ń fò, ohun tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ń mì wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀.

"Ẹ rọra, ẹ̀yìn mi o!"

"Bí mo bá rọra, á gbóná!"

"Ẹ fẹ́ pa mí kí n tó débẹ̀ ni?"

"Ṣé ó tutù àbí kò tutù?"

Ìyá Ìbejì di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jáde nínú ihò kan, ó ní, "Ó tutù," bí ẹni tí wọ́n fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n wọ ọgbà ilé ìwòsàn. Eruku ti sọ mọ́tò dúdú di pupa. Bàbá Òtútù sáré yí ká, ó ṣílẹ̀kùn, ó na ọwọ́. Ìyá Ìbejì ti ọwọ́ náà kúrò.

"Ẹ má dì mí mú."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, ó gbé ìkejì. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde. Ó dúró títí ó fi dá a lójú pé ẹsẹ̀ náà jẹ́ tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, díẹ̀díẹ̀, ó kọjá lójú àwọn èrò tó jókòó sí ìta, ó kọjá lójú ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó gbé e lóṣù tó kọjá. Ó kí i. Ó wọlé. Bàbá Òtútù ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó la ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù mú.

"Ìyá wa, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn wọlé lónìí!" nọ́ọ̀sì ní. "Ìrìnàjò yẹn dáa nìyẹn?"

"Kò dáa rárá. Gbogbo egungun mi ló gbọ̀n. Ọkọ mi ń wa mọ́tò bí ẹni tí wọ́n ń lé." Ó jókòó, ó na apá fún abẹ́rẹ́, ó wo ọkọ rẹ̀. "Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fi tìmùtìmù sórí ìjókòó yẹn o."

"Tìmùtìmù wo? Ibo ni mo ti fẹ́ rí tìmùtìmù?" Ó ti sọ ọ́ tán kí ọ̀rọ̀ tó yé e: lóṣù tó ń bọ̀.

Kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. Ó jáde padà sínú oòrùn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú rédíétọ̀, ó ń wọn ibẹ̀ bóyá fáànù kejì tó máa fẹ́ ẹ bí mọ́tò bá dúró á lè wọlé. Àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka méjì. Fáànù tó kéré jù tó mọ̀ jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka mẹ́ta.

Ó tún wọ̀n ọ́n.